Ìdí Tí Ohun Líle Fi Ń Yọ́ Nígbà Tí A Bá Mú Un Gbóná: Àlàyé fún Olùkọ́ Tí Ó Ń Fi Èdè Yorùbá Kọ́ni

Ìfáàrà

Ohun tí ó wọ́pọ̀ lójú ènìyàn kì í sábà mú ìbéèrè wá. Òrí tí ìyá fẹ́ fi pa ara ọmọ a máa yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ara ọmọ náà. Àdín tí ó dì gbagidi nínú ìgò ní àkókò ọyẹ́ a máa ṣàn bí omi nígbà tí oòrùn bá ti ràn sí i lára. Àbẹ́là a máa kán sílẹ̀ sórí àwo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé kí ló dé tí nǹkan wọ̀nyí fi ń yọ́, èsì tí ó sábà máa ń jáde ni pé iná tàbí oòrùn ni ó mú wọn yọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé. Iná kan náà ni a fi ń sun iṣu, iṣu kì í sì í yọ́. Iná kan náà ni a fi ń se ẹyin, ńṣe ni ẹyin ń le sí i. Ìbéèrè gan-an ni pé: kí ni ooru ń ṣe nínú òrí tí kì í ṣe nínú iṣu?

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti dáhùn ìbéèrè náà ní èdè Yorùbá, lọ́nà tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni yóò fi lè lò ó. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni èyí, kí ló kan ẹ̀ka èdè Yorùbá níbẹ̀? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè àbínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

A kò ní fi iṣẹ́ yìí ja ìjà náà. Ohun tí gbogbo ẹni tí ó ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ̀ ni pé, yálà ìlànà wà tàbí kò sí, nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ṣókùnkùn sí ọmọ, Yorùbá ni olùkọ́ yóò yà sí. Bí Yorùbá tí ó yà sí yìí kò bá ṣe régí, ọmọ náà pàdánù lọ́nà méjì: ti Gẹ̀ẹ́sì kò yé e, ti Yorùbá tí ó yé e kò sì tọ̀nà.

Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ní Nílẹ̀

Kí a tó wo inú ohun líle, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣe àlàyé rẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ooru àti òtútù ń ṣe sí nǹkan. Òrí a máa yọ́. Irin a máa rọ̀ nínú iná alágbẹ̀dẹ. Epo a máa dì nígbà ọyẹ́. Igi a máa jó. Iyọ̀ a máa yòrò nínú omi. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún nìyí, ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń tọ́ka sí.

Èyí tí ó ń fa ìdàrúdàpọ̀ jù nínú kíláàsì ni yọ́ àti yòrò, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. A máa ń gbọ́ pé yìnyín ti yòrò, a sì máa ń gbọ́ pé ṣúgà ti yọ́ nínú tíì. Kò sí ẹni tí yóò dá ìyá ọlọ́jà lẹ́bi fún èyí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ó má sì yẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Kí nǹkan tó yòrò, ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà: èyí tí ń yòrò, àti èyí tí ó ń yòrò sínú rẹ̀. Kò sí iná nínú ife omi tútù, síbẹ̀ iyọ̀ ń yòrò níbẹ̀. Kí nǹkan tó yọ́, òun nìkan ti tó. Ooru ni ó kù. Iyọ̀ kan náà tí ó yòrò kíákíá nínú omi tútù, bí a bá gbé e ka iná ní gbígbẹ, ó di ìgbà tí ìgbóná rẹ̀ bá dé 801°C kí ó tó yọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ̀ pé iyọ̀ yòrò lówùúrọ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ́ títí alẹ́ kò ní ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì lò mọ́.

Ìyàtọ̀ kejì tí ó nílò ìṣọ́ra ni ti ooru àti ìwọ̀n ìgbóná. Nínú iṣẹ́ yìí, ooru ni agbára tí ó ń ti ara ohun gbígbóná wọ inú ohun tí ó tutù jù ú lọ. Ìwọ̀n ìgbóná ni ohun tí tẹmọmítà ń kà. Ó dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin omi tí a ń bù sínú ìkòkò àti ibi tí omi náà ga dé nínú ìkòkò. A ó rí i níwájú pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, yíyọ́ kò lè yé e.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ ìperí, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò dé agbo físíìsì. Nítorí náà a ó lo átọ́ọ̀mù àti mólékù bí a ti ń pè wọ́n, a ó sì máa lo ẹyọ níbi tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èyíkéyìí nínú wọn.

Inú Ohun Líle

Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni a fi ẹyọ kéékèèké kọ́, tí ojú lásán kò lè rí. Nínú bàbà, átọ́ọ̀mù ni ẹyọ náà. Nínú yìnyín, mólékù omi ni. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun líle, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì dì í mú ní gbogbo ìhà. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ìlà tẹ̀lé ìlà, bí ebè inú oko àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́. Ìtò àti ìdìmú yìí ni ó jẹ́ kí ohun líle ní ìrísí tirẹ̀, tí kì í fi í yí padà bí a bá gbé e láti inú àwo kan sí òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ẹyọ wọ̀nyí dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń sinmi. Wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn lójú ibi tí wọ́n wà, bí ìgbóná nǹkan náà bá sì ti pọ̀ tó ni mímì wọn ṣe ń le tó. Bí a bá fi ooru kún un, mímì yóò le sí i, ohun líle náà yóò sì fẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó kọ́ ojú irin rélùwéè àtijọ́ fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàrin irin kan àti èkejì. Bí ooru bá tún ń wọlé, ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹyọ kò ní lè dúró ní ipò rẹ̀ mọ́. Yóò fò bọ́ sí ipò aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà yóò bọ́ sí ibòmíràn, ìlà yóò sì dàrú. Nígbà tí ìlà bá dàrú jákèjádò, tí ẹyọ ń yọ́ kọjá lára ara wọn, ohun líle ti di olómi. Ohun tí à ń pè ní yíyọ́ kò ju èyí lọ.

Ní ọdún 1910, Frederick Lindemann dá a lábàá pé ohun líle yóò yọ́ nígbà tí mímì ẹyọ rẹ̀ bá gbòòrò tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àlàfo tí ó wà láàrin ẹyọ kan àti èkejì. Kò bá gbogbo nǹkan mu géérégé, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí ó wà nínú ẹbí irin àti bàbà. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ojú ara ohun líle ni yíyọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ tí ó wà lójú kò ní aládùúgbò lókè tí yóò dì í mú, nítorí náà òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jáwọ́.

Àṣìwí méjì ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ yẹra fún níbí. Èkíní ni kí a sọ pé ooru mú kí átọ́ọ̀mù rọ̀ tàbí kí mólékù yọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo kò le, kò sì rọ̀. Mólékù omi tí ó wà nínú yìnyín, òun gan-an náà ni ó wà nínú omi mímu, òun náà ni ó sì wà nínú oruku tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò ọbẹ̀. Líle jẹ́ ìwà àpapọ̀, kì í ṣe ìwà ẹnìkan. Èkejì ni kí a sọ pé nígbà tí nǹkan bá yọ́, ẹyọ rẹ̀ ti jáwọ́ lára ara wọn pátápátá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, omi ì bá fò lọ láti inú ife. Nínú olómi, ẹyọ ṣì di ara wọn mú. Ohun tí ó sọnù ni ipò tí kò yí padà.

Olùkọ́ lè fi ìlà òwúrọ̀ ní gbàgede ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí àwọn ọmọ bá tò, tí olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ohun líle nìyẹn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú kan, ohun líle tí ó ń gbóná ni. Bí ijó náà bá wá le débi pé ìlà túká ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ṣì wà nínú ọgbà, tí wọ́n ń fara kan ara wọn, ó ti yọ́. Bí agogo ìparí bá lù tí wọ́n sì tú jáde lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ti kọjá yíyọ́. Ó ti di gáàsì. Àpẹẹrẹ yìí dára, ṣùgbọ́n kí a rántí pé ó máa ń rẹ ọmọ, kì í rẹ átọ́ọ̀mù.

Ooru Tí Tẹmọmítà Kò Rí

Ibí ni ẹ̀kọ́ yìí ti dùn jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sáré kọjá. Kí olùkọ́ kó yìnyín fífọ́ sínú ife, kí ó ti tẹmọmítà bọ̀ ọ́, kí ó sì máa fi ooru díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ó máa fi ṣíbí yí i po. Bí yìnyín náà bá tutù ju òdo lọ nígbà tí ó jáde nínú fìríìjì, tẹmọmítà yóò máa gòkè títí dé 0°C. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí. Ooru ń wọlé, yìnyín ń yọ́, ṣùgbọ́n tẹmọmítà kò kúrò lójú kan títí èérún yìnyín ìkẹyìn yóò fi yọ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Níbo wá ni gbogbo ooru tí ó wọlé láàrin àkókò yẹn lọ?

Joseph Black, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ni ó wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1761. Ó gbé ohun èlò gíláàsì méjì kọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Yìnyín ni ó wà nínú ọ̀kan, omi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí ó dì ni ó wà nínú èkejì, ìwọ̀n kan náà sì ni méjèèjì. Láàrin ààbọ̀ wákàtí, omi náà ti gbóná sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n tí a ń lò lónìí. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀ ni ó gba yìnyín kí ó tó yọ́ tán, kí ìgbóná rẹ̀ sì tó dé ibi kan náà. Ooru gbọ̀ngàn kan náà ni ó ń wọ inú méjèèjì. Black parí èrò sí pé ooru ńlá kan ti wọ inú yìnyín láìfarahàn.

Lónìí a mọ iye rẹ̀. Láti yọ́ gíráàmù kan yìnyín tí ó ti wà ní 0°C, a nílò agbára joule 334. Láti mú gíráàmù omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan, joule 4.2 péré ni. Ìyẹn ni pé agbára tí ó yọ́ yìnyín, tí kò sì fi nǹkan kan kún ìgbóná rẹ̀, tó èyí tí yóò gbé omi náà láti 0°C dé nǹkan bí 80°C, omi tí ẹnikẹ́ni kò lè ti ọwọ́ bọ̀. Ooru náà kò sọnù. Kò lọ sínú mímì ẹyọ, nítorí náà tẹmọmítà kò rí i. Títú ìtò ni a ná an lé lórí. Gbèsè sì ni. Nígbà tí omi bá fẹ́ padà di yìnyín, gbogbo joule 334 náà ni yóò san padà kí ó tó lè dì, èyí sì wà lára ìdí tí omi inú fìríìjì fi ń pẹ́ kí ó tó dì tán lẹ́yìn tí ó ti tutù nini. Àwọn tí ń ta omi tútù ní ibùdókọ̀ ń jẹ èrè ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́: yìnyín díẹ̀ nínú garawa ń mú ọ̀pọ̀ ọ̀rá omi tutù, nítorí pé bí ó ti ń yọ́ ni ó ń fa ooru jáde lára wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdìmú ti ṣẹ́kù tó nínú omi lẹ́yìn tí yìnyín ti yọ́, kí ó fi joule 334 wé agbára tí ó ń sọ gíráàmù omi kan tí ó ń hó ní 100°C di oruku. Ìyẹn tó nǹkan bí joule 2,260.

Ìdí Tí Ó Fi Jẹ́ Ìwọ̀n Kan Pàtó

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò tún béèrè pé, bí ìdìmú bá ń fa ẹyọ sí ipò rẹ̀, kí ni ó wà ní ìhà kejì tí ó ń fà á kúrò? Mímì nìkan kò tó èsì. Kí a wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì wà láti pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí a bá di ojú, tí a ń mú ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan láti inú ihò kan sínú òmíràn láìmọ ibi tí ó ń lọ, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pín kò lóǹkà. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí a má tún bá wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin mọ́. Kò sí ohun tí ó kórìíra mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọpọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà mìíràn ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ohun líle. Ọ̀nà tí ẹyọ lè gbà tò lẹ́sẹẹsẹ kò tó nǹkan. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wà láìtò pọ̀ rẹpẹtẹ. Ohun méjì ni ó wá ń figa gbága: ìdìmú, tí ó fẹ́ kí wọ́n tò, àti ọ̀pọ̀ ọ̀nà, tí ó ń fà wọ́n lọ sínú àìtò. Nígbà tí ìgbóná bá kéré, ohun tí a ó ná kí ìdìmú tó tú wọ́n ju agbára tí ó wà nílẹ̀ lọ, ìdìmú ni yóò sì borí. Bí ìgbóná ti ń lọ sókè ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà ń wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n. Ibì kan wà tí méjèèjì dọ́gba. Ibẹ̀ ni a pè ní ìwọ̀n ìyọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Díẹ̀ kún un, ohun líle yóò yọ́. Díẹ̀ kúrò níbẹ̀, olómi yóò dì. Nítorí náà, ìwọ̀n ìyọ́ àti ìwọ̀n dídì jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan náà tí a ń gbà wọlé tí a sì ń gbà jáde. Ní 0°C gan-an, yìnyín àti omi lè jọ wà nínú ife kan láìsí pé ọ̀kan lé èkejì jáde, bí a kò bá ti fi ooru kún un tí a kò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Òrí, Epo àti Idẹ

Bí ìdìmú bá ti le tó ni ìwọ̀n ìyọ́ ṣe ń ga tó. Mákúrì ń yọ́ ní 39°C sí ìsàlẹ̀ òdo, nítorí náà olómi ni a máa ń bá a nílẹ̀ wa. Òjé ń yọ́ ní 327°C, alumíníọ́ọ̀mù ní 660°C, wúrà ní 1064°C, bàbà ní 1085°C, irin ní 1538°C. Tungsten, tí wọ́n fi ń ṣe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú gílóòbù àtijọ́, kò yọ́ títí dé 3422°C. Òun ni ó fi lè pọ́n tó bẹ́ẹ̀ láìkán sílẹ̀.

Ọ̀rá oúnjẹ wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Mólékù ọ̀rá gùn, ó sì ní apá gbọọrọ. Nínú òrí, púpọ̀ nínú apá wọ̀nyí jẹ́ ti ásíìdì stearic, tí ó tọ́ tààrà. Púpọ̀ tún jẹ́ ti ásíìdì oleic, tí ó tẹ̀ láàrin. Ìgbálẹ̀ tí ẹyọ rẹ̀ tọ́ ṣeé dì papọ̀ pinpin. Igi ìdáná tí ó wọ́ kò ṣeé dì. Èyí tí ó tọ́ ń sún mọ́ ara wọn, ìdìmú wọn ń le, wọ́n sì ń fẹ́ ooru púpọ̀ kí wọ́n tó yọ́. Nínú òróró ẹ̀pà, èyí tí ó tẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ, nítorí náà a kì í sábà rí i kí ó dì bí òrí. Epo pupa wà láàrin àwọn méjèèjì. Àdàlù ni, kò sì ní ìwọ̀n ìyọ́ kan pàtó: ní òwúrọ̀ ọyẹ́, apá kan á ti dì sílẹ̀ ìgò, apá kejì á ṣì máa mì lókè, ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò sí ìyá tí kò rí èyí rí. Olùkọ́ tí ó bá mú ìgò epo kan wá sí kíláàsì ní oṣù Ṣẹẹrẹ ti mú ẹ̀kọ́ wákàtí kan wá.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ibi tí àwọn baba wa ti lo ìyàtọ̀ ìwọ̀n ìyọ́ lọ́nà tí ó jọni lójú, kí ó wo àwọn orí idẹ àti bàbà tí a wú jáde ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Oníṣẹ́-ọnà náà yóò fi amọ̀ ṣe inú rẹ̀, yóò fi ìda tàbí ohun mìíràn tí ó jọ ọ́ ya ojú, imú àti ilà sí orí amọ̀ náà, yóò sì fi amọ̀ mìíràn bò ó. Nígbà tí ó bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́ jáde, nítorí pé 62 sí 64°C péré ni ìwọ̀n ìyọ́ ìda oyin. Ihò tí ìda fi sílẹ̀ ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Idẹ náà ti lé ní 900°C, síbẹ̀ amọ̀ tí ó gbà á sínú kò yọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyí tí ó dúró lórí ìwọ̀n ìyọ́ mẹ́ta, bí a bá sì gbé ọ̀kan nínú wọn kúrò níbi tí ó wà, kò sí ère.

Kí ló dé tí idẹ fi ń yọ́ ṣáájú bàbà nígbà tí ó jẹ́ pé bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀? Síńkì tí a dà mọ́ ọn ni. Ẹyọ àlejò máa ń mú kí ìtò ṣòro, ó sì máa ń fi kún ọ̀nà tí olómi lè gbà wà, nítorí náà òṣùwọ̀n a tètè yí sí ìhà yíyọ́. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ èyí dáadáa: òjé ń yọ́ ní 327°C, tánńganran ní 232°C, ṣùgbọ́n bí a bá da méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, 183°C ni yóò yọ́. Ìdí nìyí tí ìbòjú Ọbalúfọ̀n ti Ilé-Ifẹ̀ fi jẹ́ ohun ìyanu fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ dídà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bàbà pọ́ńbélé sì le dà ju idẹ lọ.

Àwọn Tí Kò Yọ́ Bí A Ti Retí

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa rọ ọkọ́ àti àdá láti ayébáyé, síbẹ̀ wọn kò yọ́ irin. Ìléru tí a fi ń yọ irin jáde lára òkúta, pẹ̀lú èédú àti ẹwìrì, máa ń gbóná láàrin 1100 àti 1300°C, irin sì ń fẹ́ 1538°C. Ohun tí ó yọ́ nínú ìléru náà ni ìdọ̀tí òkúta, tí ó ṣàn kúrò tí ó sì di ìdàrọ́. Irin fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn bí kànìnkànìn, tí alágbẹ̀dẹ yóò wá máa lù títí yóò fi mọ́. Èdè wa kò ṣì í sọ nígbà tí ó ní irin rọ̀ tí kò ní irin yọ́.

Gíláàsì náà ní ìṣe tirẹ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 jáde, àyẹ̀wò wọn sì fi hàn pé Ilé-Ifẹ̀ ni a ti ṣe gíláàsì náà fúnra rẹ̀. Ẹyọ inú gíláàsì kò tò lẹ́sẹẹsẹ rárá, bí ó tilẹ̀ le. Nígbà tí kò sí ìlà tí yóò dàrú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ìwọ̀n ìyọ́ kan pàtó. Ńṣe ni ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ooru ti ń pọ̀. Ààyè yìí ni oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ń rí lò láti fà á, láti lọ́ ọ, kí ó sì gé e.

Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ń kéré lójoojúmọ́ láìyọ́. Ẹyọ ojú rẹ̀ ń fò lọ tààrà sínú afẹ́fẹ́. Ní ti igi, ìwé àti iṣu, mólékù wọn gùn, wọ́n sì lọ́ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí ooru tó lè tú wọn kúrò lára ara wọn, ó ti já mólékù náà fúnra rẹ̀. Wọ́n di èédú àti èéfín kí wọ́n tó rí àyè yọ́.

Nínú Kíláàsì

Fún kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò pọn dandan kí iná wọ inú yàrá. Omi gbígbóná nínú garawa ti tó. Kí olùkọ́ kó òrí, ẹyọ àbẹ́là, iyọ̀ gbígbẹ àti òjé kékeré sínú agolo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí agolo òjé ní ìdérí tí ó dì dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan òjé náà nítorí májèlé ni. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀, kí a tó gbé agolo sórí omi. Òrí yóò yọ́, àbẹ́là yóò yọ́ bí omi bá gbóná dáadáa, iyọ̀ àti òjé kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ bu omi tútù díẹ̀ sórí iyọ̀. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà yòrò yóò wọlé, olùkọ́ kò sì ní láti ṣàlàyé púpọ̀ mọ́.

Fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, kí a fi yìnyín àti tẹmọmítà kún un, kí wọ́n máa ka ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n sì yà á sórí ìwé. Ibi tí ìlà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, nínú gbólóhùn mẹ́ta péré. Iṣẹ́ yìí le ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ọmọ kan yóò sì béèrè nípa ẹyin, nítorí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mólékù inú ẹyin dà bí òwú tí a ká. Ooru a tú u, òwú kan a lọ́ mọ́ èkejì, gbogbo rẹ̀ a sì so kọ́ra. Kì í ṣe yíyọ́, kì í sì í ṣe dídì bí ti epo, nítorí pé èyí tí ó bá dì a máa yọ́, èyí tí ó bá yọ́ a máa dì. Kí olùkọ́ sè ẹyin kan níwájú wọn, kí ó gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, kí ọmọ tí ó béèrè náà fọ́ ọ fúnra rẹ̀.